Iye Orí Kọ́ Ni Iye Onílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ń ka orí ènìyàn, ohun kan ni ó ń wá lọ́wọ́ wọn: bí kò bá gba owó orí, yóò kó wọn lọ sí ojú ogun tàbí ẹnu iṣẹ́ àfipáṣe. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá wọ inú oko nígbà tí akọ̀wé ìjọba òyìnbó bá ń bọ̀ tòun ti ìwé àti gègé. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí bírí. Láti ìgbà tí ó ti di pé iye ènìyàn ni a fi ń pín owó àti ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò sí ìlú tí ó tún fẹ́ kí iye tirẹ̀ kéré. Ìkànìyàn tí a ṣe ní 1962 kò dúró, a ní láti tún un ṣe ní 1963. Ti 1963 náà, tí ó sọ pé a ju mílíọ̀nù 55 lọ, di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ. Ti 1973, ìjọba Murtala Muhammed fagi lé e ní 1975. Ní 1991 àti ní 2006, ìjọba tilẹ̀ yọ ìbéèrè nípa ẹ̀yà àti ẹ̀sìn kúrò pátápátá, kí ìjà má baà bẹ́ sílẹ̀.

Gbogbo ariwo yìí, lórí iye ni. "Èló ni wá?" ni à ń bi ara wa. N kò sọ pé ìbéèrè náà kò dára. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé, èyí tí mo rò pé ó yẹ kí ó máa tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ nígbà gbogbo: nínú gbogbo àwọn tí a kà, ta ni ó ni ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé? Ibi tí mo ti rí ìbéèrè náà jìnnà sí ilé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá fún ọmọ Yorùbá.

Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá kì í pẹ́ gbọ́ orúkọ Ọ̀yọ́túnjí. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n bí ní ìlú Detroit ní 1928, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Walter Eugene King, lọ sí Matanzas ní Kúbà ní 1959, ó sì wọ inú ẹ̀sìn òrìṣà níbẹ̀. Ní 1970, òun àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tẹ abúlé kan dó nítòsí Sheldon ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọ̀yọ́túnjí. Òun fúnra rẹ̀ di Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adélabú Adéfúnmi Kìíní. Wọ́n fi í joyè ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1981, láyé Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé, ó sì wàjà ní 2005. Ìtàn yìí máa ń dùn mọ́ wa, a sì máa ń dúró síbẹ̀. Èmi fẹ́ mọ irú àwọn ènìyàn tí ó yí abúlé náà ká. Ta ni àwọn aládùúgbò Ọ̀yọ́túnjí? Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé nípa Káúńtì Beaufort.

Káúńtì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú àgbègbè tí ó sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀. Erékùṣù ni ó pọ̀ jù ní Beaufort: Saint Helena, Hilton Head, Parris Island, Lady's Island, Daufuskie. Omi òkun Àtìláńtíìkì ń wọ àárín wọn, ó sì ń jáde. Ní ayé òwò ẹrú, ìrẹsì, ẹ̀lú àti òwú ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, àwọn ènìyàn wa aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sì fi ń gbìn ín. Ibà pọ̀ ní erékùṣù nígbà òjò, àwọn òyìnbó a sì kó lọ sí ibòmíràn. Àwọn ẹrú wà ní tiwọn, ọ̀pọ̀ bí eéṣú, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí òyìnbó. Láti inú ìdápọ̀ wọn ni àwọn ènìyàn tí a ń pè ní Gullah ti jáde, pẹ̀lú èdè tiwọn, oúnjẹ tiwọn àti orin tiwọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí n tàn yín: àwọn baba ńlá Gullah kì í ṣe Yorùbá ní pàtàkì. Láti Àǹgólà àti Kóńgò, láti Sàró àti agbègbè odò Gambia ni wọ́n ti kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Lorenzo Dow Turner tẹ ìwé rẹ̀ nípa èdè Gullah jáde ní 1949, ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ àbísọ tí ó gbọ́ lẹ́nu wọn ni ó kọ síbẹ̀, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè tí ó tọpa orúkọ wọ̀nyí lọ. Nítorí náà, bí a kò bá jẹ́ bàbá wọn, a kò ṣaláì jẹ́ ẹbí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iye wọn. Nígbà ìkànìyàn 1860, ènìyàn 40,053 ni ó wà ní Beaufort, ẹrú sì ni 32,530 nínú wọn. Ìyẹn ni pé bí a bá to ènìyàn 100 síta, 81 ni yóò jẹ́ ẹrú. Pẹ̀lú gbogbo pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ tó yìí, wọn kò ní ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá gbà pé pípọ̀ ni agbára, kí ó ronú sí èyí dáadáa.

Ní oṣù kọkànlá 1861, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ ojú omi ìjọba àpapọ̀ ja ibẹ̀ gbà. Àwọn olóko òyìnbó sá lọ, wọ́n sì fi nǹkan bí 10,000 ẹrú sílẹ̀ sórí ilẹ̀. Ìjọba wá bu owó orí lé gbogbo ilẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn tí ó sá lọ kò lè san án, ìjọba gba ilẹ̀ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní gbàǹjo láti 1863. Àwọn tí ó jẹ́ ẹrú lánàá dá owó jọ, wọ́n sì rà nínú rẹ̀. Robert Smalls, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Beaufort ní 1839, tí ó fọgbọ́n wa ọkọ̀ ogun Planter gba iwájú àwọn ọ̀tá kọjá ní 1862, ra ilé ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ gan-an, lẹ́yìn náà ó sì di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington. Ní Saint Helena, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ Penn sílẹ̀ fún àwọn òmìnira ní 1862. Ní Hilton Head, wọ́n kọ́ ìlú Mitchelville, tí wọ́n fi ń ṣe àkóso ara wọn.

Báyìí ni ẹrú ṣe di onílẹ̀. Ìjì líle tí ó jà ní 1893, tí ó pa nǹkan bí 2,000 ènìyàn ní etíkun náà, kò lé wọn kúrò. Nígbà tí kòkòrò ba òwú wọn jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kọrí sí New York àti àwọn ìlú mìíràn lókè, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù di ilẹ̀ mú. Ilẹ̀ wà, odò wà, ẹja wà. Kò sí afárá tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn ní Hilton Head, ẹni tí kò bá sì ní iṣẹ́ níbẹ̀ kì í wá.

Ní 1956, afárá dé Hilton Head. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ìlọsíwájú, ìlọsíwájú sì ni lóòótọ́, nítorí aláìsàn lè tipa bẹ́ẹ̀ tètè dé ilé ìwòsàn, ọmọ sì lè lọ sí ilé-ìwé gíga. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbé ọmọ jáde ni ó gbé àlejò wọlé. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ti ń la pápá gọ́ọ̀fù, wọ́n ń kọ́ ilé ìgbafẹ́ àti ọgbà ńláńlá tí ó ní géètì àti ẹ̀ṣọ́. Àwọn olówó tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ní ìhà àríwá bẹ̀rẹ̀ sí wá sinmi níbẹ̀. Ní 1960, ènìyàn 44,187 ni ó wà ní káúńtì náà. Ní 2020, wọ́n ti di 187,117, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́rin lọ.

Nínú iye yìí, onírúurú ènìyàn ni ó wà. Àwọn arúgbó tí ó fẹ̀yìntì wà ní Hilton Head. Àwọn ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun orí omi wà ní Parris Island, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn láti 1915. Àwọn tí ó ti Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí i ká wá ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ àti iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì wà. Ní 2010, àwọn ènìyàn tí ìran wọn ti ilẹ̀ tí a ti ń sọ èdè Sípéènì wá jẹ́ 12 nínú 100. Bí ẹnìkan bá wá da gbogbo wọn pọ̀, tí ó fa àròpín ọjọ́ orí wọn yọ, iye tí yóò rí kò ní jẹ́ ọjọ́ orí arúgbó, kò ní jẹ́ ti ọmọ ogun, yóò wulẹ̀ bọ́ sí àárín méjì. Àwọn ará Ọ̀yọ́túnjí ńkọ́? Ìwé ìkànìyàn kò mọ̀ wọ́n ní Yorùbá. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, ó parí. Ìwé ti 2020 fi àyè sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú láti kọ ibi tí ìran rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n kò sí àyè tí ènìyàn lè kọ ìgbàgbọ́ tàbí ìlú tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún jí.

Àwọn Gullah wá ńkọ́? Ní 2010, àwọn aláwọ̀ dúdú káúńtì náà jẹ́ nǹkan bí 19 nínú 100. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gún mi lọ́kàn nìyí. Bí a bá ṣírò 19 yẹn, nǹkan bí 31,000 ènìyàn ni. Ẹ rántí 32,530 ti 1860. Lóòótọ́, Beaufort ti 1860 tóbi ju ti òde òní lọ, nítorí wọ́n ti gé Hampton kúrò lára rẹ̀ ní 1878, wọ́n sì gé Jasper ní 1912. Síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú kò tán níbẹ̀. Kò sí àjàkálẹ̀ àrùn, kò sí ogun. Àwọn mìíràn ni ó wá yí wọn ká títí wọ́n fi di díẹ̀, orí ilẹ̀ tí wọ́n sì ti fi owó ara wọn rà ni àwọn mìíràn náà dúró lé.

Báwo ni ilẹ̀ ṣe bọ́? Ọ̀nà méjì ni. Àkọ́kọ́ ni owó orí. Bí ilé olówó bá ti kún àdúgbò, iye tí ilẹ̀ jẹ́ a ròkè, owó orí ilẹ̀ a sì tẹ̀ lé e. Ìyá arúgbó tí ó ń gbin ilá àti ọ̀dùnkún kò ní owó tí yóò fi san owó orí ilẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Bí kò bá san án, ìjọba a ta ilẹ̀ ní gbàǹjo. Owó orí tí ó gbé ilẹ̀ lé àwọn baba ńlá wọn lọ́wọ́ ní 1863 náà ni ó ń gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wọn.

Ọ̀nà kejì ni ó yẹ kí ó dẹ́rù bà wá jù, nítorí ó jọ tiwa bí ìbejì. Àwọn tí ó ra ilẹ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ wọn kò kọ ìwé ìhágún. Bí bàbá bá kú, ilẹ̀ di ti gbogbo ọmọ. Bí ọmọ bá kú, ó di ti gbogbo ọmọ-ọmọ. Lẹ́yìn ìran mẹ́rin, ẹni 60 tàbí 80 lè ni ilẹ̀ kan pọ̀, tí àwọn kan nínú wọn kò sì dé ibẹ̀ rí. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní sọ pé ilẹ̀ ẹbí ni? Ibi tí ó ti yàtọ̀ nìyí: lábẹ́ àṣà tiwa, ẹnìkan ṣoṣo kò lè dá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Lábẹ́ òfin tiwọn, ẹni tí ìpín rẹ̀ kò ju ẹyọ kan nínú 80 lọ lè lọ sí kóòtù pé òun fẹ́ ìpín òun. Bí ilẹ̀ náà kò bá ṣe é pín, adájọ́ lè ní kí wọ́n tà á, kí wọ́n pín owó. Nítorí náà, oníṣòwò ilẹ̀ kò nílò láti bẹ gbogbo ẹbí. Ọmọ ìyá kan tí ó wà ní New York, tí kò mọ ojú ilẹ̀ náà, tó o láti rà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti di ọ̀kan lára àwọn onílẹ̀, ó ku kóòtù, ó ku gbàǹjo.

Ohun tí ó bá mi lẹ́rù jù ni ti ibojì. Àwọn ibi ìsìnkú Gullah kan wà nínú ọgbà onígéètì báyìí. Ọmọ tí ó bá fẹ́ lọ wo ojú oórì bàbá rẹ̀ ní láti sọ ohun tí ó ń wá fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Àwa tí a ń sin àgbà sí ìyẹ̀wù àti ẹ̀yìnkùlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú inú wo èyí.

Wọn kò káwọ́ gbera o. Láti 1999, òfin káúńtì ti ní kí ẹnikẹ́ni má la pápá gọ́ọ̀fù tàbí kọ́ ọgbà onígéètì sí Saint Helena. Nígbà tí oníṣòwò kan fẹ́ gba ẹ̀yìn òfin náà ní 2023, àwọn ará erékùṣù jáde, ìgbìmọ̀ káúńtì sì kọ̀ fún un. Ní 2016, ìpínlẹ̀ South Carolina ṣe òfin tí wọ́n fi orúkọ Clementa Pinckney pè, aṣòfin àti pásítọ̀ tí apànìyàn yìnbọn pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Charleston ní 2015. Òfin náà ní kí wọ́n wá àwọn ẹbí yòókù kàn kí wọ́n tó ta ilẹ̀, kí wọ́n díye lé e bó ṣe yẹ, kí àwọn ẹbí sì kọ́kọ́ ní àǹfààní láti ra ìpín ẹni tí ó fẹ́ tà. Ó dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ púpọ̀ ti lọ kí òfin tó dé.

Ẹnìkan lè sọ pé àṣà wa ti dáàbò bò wá. Àwa náà ní akọni nínú ọ̀rọ̀ yìí. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá dé ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a dé ibẹ̀. Ní 1921, àwọn adájọ́ gbà pé onílẹ̀ ni àwọn ènìyàn náà, kí ìjọba san owó ilẹ̀ fún wọn bí onílẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà tí kò sí ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Mo fi ojú ara mi rí i ní ìdílé wa.

Oko kòkó bàbá bàbá mi wà lẹ́yìn odi Ìbàdàn. Nígbà tí ó ń gbin kòkó, ẹkùn ni ó wà níbẹ̀. Lónìí, ọ̀dà ti dé ọ̀nà oko, àwọn tí ń kọ́ ilé títà sì ti dé ẹnu ààlà. Ìdí-igi kan nínú mẹ́rin ní kí á ta ìpín tiwọn fún wọn. Mọ́gàjí pe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan dìde, ó ní, "Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ro mọ́, kí ni a fẹ́ fi ṣe?" Ó bi wá pé èló ni àwa tí a ni ín gan-an, kò sì sí ẹni tí ó lè dáhùn. Wọ́n ní kí èmi akọ̀wé lọ kà wá.

Ó gbà mí ní oṣù mẹ́ta. Mo rìn láti ojúlé dé ojúlé, mo kọ lẹ́tà, mo fi tẹlifóònù pe àwọn tí ó wà lókè òkun. Àwa tí ó wà láàyè jẹ́ 71. Mẹ́fà péré ni ó ń gbé orí ilẹ̀ náà. Àwọn mẹ́rin wà tí wọn kò mọ̀ pé a ní ilẹ̀ kankan, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí ti ẹni tí ó wà ní Amẹ́ríkà yìí, nítorí mo ti mọ ohun tí irú rẹ̀ ṣe ní Beaufort láìmọ̀.

Nígbà tí mo ka orúkọ wọ̀nyí ní ìpàdé kejì, ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ìyàwó ilé láti ìgbà tí a kò tí ì bí bàbá mi pè mí. Ó ní, "Ọkọ mi, o ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Ṣé o kà wọ́n?" Ilé pa lọ́lọ́. Mo padà lọ sí oko, mo sì ka ojú oórì 13. A ti ya àwòrán ilẹ̀ náà báyìí, àwọn ìdí-igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fọwọ́ sí ìwé pé ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ dá tà, ibi tí àwọn òkú wà kò sì ṣe é tà rárá. Ọ̀rọ̀ ti apá kejì ṣì wà nílẹ̀, nítorí ebi ń pa àwọn kan nínú wa, ebi kì í sì í gbọ́ ìtàn. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ tà, àwa tí a mọ ara wa ni yóò tà á, owó rẹ̀ yóò sì kárí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ìjọba yóò tún kà wá lọ́jọ́ kan, wọn yóò sì sọ iye wa fún wa. Kí ó tó di ọjọ́ náà, nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ mú ìwé àti gègé, kí ẹ jókòó ti àwọn àgbà ilé yín. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n ní ibi tí ààlà gbà, ẹ bi wọ́n ní àwọn tí ó ti re àjò tí kò padà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní kí ọlọ́mọ má ka ọmọ tirẹ̀. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí á di àlejò ní ojú oórì bàbá wa.